Òjò dídì kì í ṣe yìnyín: àlàyé fún ẹni tó ń wo síkì láti Àbújá

Ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kàdúná ti ń gbé Calgary, ní Kánádà, láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí síkì, eré tí wọ́n ń de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀ láti yọ̀ wálẹ̀ lórí òkè tí òjò dídì bò, fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti àwọn yòókù jókòó síwájú ilé mi ní Kubwa, ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo wa ti bó, ni ohùn rẹ̀ bá wọlé sórí fóònù: “Ẹ̀yin ará, mi ò lè lọ páàkì láàárọ̀ yìí o. Gbogbo ilẹ̀ ti di gíláàsì. Ó di ọ̀sán kí n tó mọ̀ bóyá màá lọ.”

Bàbá Ìbejì, tó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, ní: “Páàkì wo? Ṣé páàkì mọ́tò Jábì ti dé Kánádà ni?”

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìbéèrè mẹ́ta ló kù nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè dáhùn. Kí ni páàkì ń wá lórí òkè? Báwo ni ohun tó rọ̀ bí òwú ṣe ń di gíláàsì? Kí ló sì dé tí ohun tó burú láàárọ̀ yóò fi dára lọ́sàn-án, nígbà tó jẹ́ pé òtútù la rò pé wọ́n ń wá? Mo wádìí, mo sì yọ ọ̀rẹ́ wa lẹ́nu dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ fi bi í pé ta ni ń pè é lóru. Ohun tí mo kó jọ rèé.

Ahọ́n wa gan-an ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà rú. Ohunkóhun tó bá ti dì, yìnyín la ń pè é. Èyí tó ń bọ́ lu páànù, yìnyín. Èyí tí wọ́n ń fọ́ sínú kúlà níbi òde ìgbéyàwó, yìnyín. Èyí tó bo gbogbo òkè Kánádà, yìnyín náà ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn: yìnyín ni wọ́n pe èyí tó rọ̀ lé àwọn ará Íjíbítì lórí, òjò dídì ni wọ́n sì pe èyí tí Àìsáyà fi ṣe àpèjúwe ẹ̀ṣẹ̀ tó di funfun. Wọ́n jàre. Òjò dídì ni èmi náà yóò máa pè é.

Ẹni tó bá ti gbé Jos rí mọ̀ pé yìnyín kì í bọ́ nígbà ọyẹ́. Ìgbà tí ooru bá ti mú dójú ẹ̀, tí òjò tó ń ṣí ọdún ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì, ìgbà náà ló ń fọ́ páànù. Ìdí ni pé ẹ̀kán omi ni yìnyín ti bẹ̀rẹ̀. Ìjì á gbé e sókè nínú ìkùukùu gíga, á dì, omi mìíràn á lẹ̀ mọ́ ọn, á tún dì, títí yóò fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Òjò dídì kò gba ọ̀nà yẹn rárá. Oru omi inú ìkùukùu ló ń di tààrà, láì kọ́kọ́ di omi, ó máa ń yọ apá mẹ́fà, ó sì fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ kòkòrò. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tí ẹ bá yọ́ ọ, omi tí ẹ máa rí kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ.

Ó gba òtútù, ó sì gba omi inú afẹ́fẹ́, kí òjò dídì tó lè bọ́. Ní apá Òkè Ọya níbí, méjèèjì kì í pàdé. Nígbà tí òtútù bá dé, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ló gbé e wá, kò sí omi nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá dé, ooru ló bá a wá. Òkè wa náà ò tún ga tó. Chappal Waddi ní Tàràbà, tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, kò ju mítà 2,419 lọ.

Ó yá, páàkì. Lórí òkè tí wọ́n ti ń ṣe síkì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀: èèyàn á jókòó sórí àga tí okùn irin ń fà lọ sókè, á sì yọ̀ wálẹ̀. Páàkì ni apá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí wọ́n fi òjò dídì mọ oríṣiríṣi nǹkan sí, fún àwọn tó fẹ́ fò, tó fẹ́ yí po lófurufú, tó fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn. Irin gígùn wà níbẹ̀ tó jọ irin tí a ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n á fò lé e, wọ́n á yọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Àpótí wà níbẹ̀ náà, tó fẹ̀ ju irin lọ, tí wọ́n fi ike tẹ́ lórí, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tún ní gọ́tà. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é: ẹ wo gọ́tà ńlá tí wọ́n là sí ara òkè, tí èèyàn ń ti ògiri kan fò sí ògiri kejì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ti ìdíje Òlíḿpíìkì, ògiri rẹ̀ máa ń ga tó mítà 6.7, ìyẹn ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láti ilẹ̀ dé òrùlé. Gọ́tà yìí wọ Òlíḿpíìkì ní Nagano ní 1998, fún àwọn tó ń lo pákó kan ṣoṣo. Ìdíje páàkì odindi, tó ní irin àti ibi ìfò papọ̀, kò wọlé àfi ní Sochi ní 2014. Bí ẹ bá wo ti Beijing ní 2022, ẹ ó rántí Eileen Gu, ọmọbìnrin tó ṣojú Ṣáínà, tó gba góòlù méjì àti fàdákà kan nínú irú eré yìí.

(Àwọn tiwa náà ti lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù o. Seun Adigun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun ọkọ̀ orí yìnyín fún Nàìjíríà ní 2018, Simidele Adeagbo náà dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀ ní ọdún kan náà, Samuel Ikpefan sì ṣe síkì ọ̀nà jíjìn ní 2022. Kò sí èyí tó jẹ́ ti páàkì nínú wọn. Ẹnu wa wà níbẹ̀, a ń dúró.)

Nínú gbogbo ohun tó wà ní páàkì, ibi ìfò ló yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí òun ló máa jẹ́ kí ẹ lóye ohun tí ọ̀rẹ́ wa ń sọ. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí èèyàn ń sáré gùn, tó tẹ̀ sókè lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí tó tẹ́jú bí tábìlì. Lẹ́yìn tábìlì ni èjìká, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Lẹ́yìn èjìká ni ibi ìbalẹ̀, tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹni tó fò gbọ́dọ̀ kọjá tábìlì, kó kọjá èjìká, kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa la ti ṣe é ní kékeré láì mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, a máa ń gun ògiri tí wọn ò tíì parí, a ó fò sórí òkìtì iyanrìn. Ẹni tó bá balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì á yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á dìde, á tún sáré padà gùn ún. Ẹni tó bá fò kọjá òkìtì, tó sì bọ́ sórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, òun ni wọ́n máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun. Ògiri kan náà ni, ìfò kan náà ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìbalẹ̀ ló ń sọ agbára ìṣubú di agbára ìyọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnì kan fò ga tí ẹ sì kígbe “Yéè!”, gíga kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀. Ibi tó máa balẹ̀ sí lẹ̀rù wà.

Eré tó bá sá dé ẹnu ibi ìfò ló sì ń pinnu ibi tó máa balẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ò dí i lọ́wọ́. Ká ní ẹnu ibi ìfò tẹ̀ sókè ní dígírì 30, tábìlì sì gùn tó mítà 9 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá dé ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan yóò fò tó nǹkan bíi mítà 11: ó ti kọjá èjìká, ó balẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá yọ kìlómítà 4 péré kúrò nínú eré rẹ̀. Yóò fò mítà 8 àti díẹ̀ lé, kò ní pé 9. Orí tábìlì títẹ́jú ló bọ́ sí yẹn, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara rẹ̀. Eré dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìfò dín ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ wa ní orúnkún òun ti kọ́ òun ní ìṣirò yìí kí òun tó rí i nínú ìwé.

Kí ló máa ń jí kìlómítà 4 yẹn gbé? Òjò dídì fúnra rẹ̀ ni. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ gíláàsì ti wọlé.

Òjò dídì kì í dúró bó ṣe bọ́. Láti ìgbà tó bá ti kanlẹ̀ ló ti ń darúgbó. Ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, èlùbọ́ ni: ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu, á fò lọ. Ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ á dìde, á gbọn ara, á máa lọ. Èyí ló wà nínú gbogbo fọ́tò, òun náà ló sì jẹ́ ká rò pé òjò dídì rọ̀ nígbà gbogbo. Àmọ́ èlùbọ́ kò wúlò fún páàkì. Ẹsẹ̀ á rì, eré ò ní yá, ibi ìfò tí wọ́n bá fi mọ kò ní dúró.

Bó bá pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, apá mẹ́fà yẹn á kán, hóró á di róbótó, hóró kọ̀ọ̀kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ́. Lóru, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń rìn lórí ẹ̀wọ̀n bíi katapílà á máa lọ á máa bọ̀ lórí òkè, á tẹ̀ ẹ́, á tẹ́ ẹ, á sì fi ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ìlà tí aláàdìrẹ fi òòyà fà sínú ẹ̀kọ. Ó gba wákàtí mélòó kan kó tó mú, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Èyí ni ilẹ̀ tó dára jù fún ẹni tó fẹ́ fò: ó le tó láti gbé èèyàn, síbẹ̀ etí síkì lè bù ú jẹ kí èèyàn fi darí ara.

Gíláàsì ńkọ́? Ní Calgary, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Chinook. Ó máa ń ti orí àwọn òkè Rọ́kì sọ̀ kalẹ̀, ó gbẹ, ó sì gbóná, ó sì lè gbé ìwọ̀n ooru sókè ju dígírì 20 lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù mẹ́ta jáde láàárọ̀ lè máa fi ẹ̀wù lásán rìn lọ́sàn-án. Orí òjò dídì á yọ́, omi á wọ inú rẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí òtútù padà, gbogbo omi yẹn á dì pọ̀. Ohun tí ẹ máa bá láàárọ̀ ni táìlì tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Síkì ò ní rí ibi bù jẹ, eré á ju bí èèyàn ṣe fẹ́ lọ, ẹni tó yẹ kó balẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè fò kọjá rẹ̀ lọ sórí títẹ́jú tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣubú, sìmẹ́ǹtì ló ṣubú lé.

Ọ̀sán ni oòrùn máa ń rọ ojú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń wá: kó rọ̀, kó má yọ́. Bí oòrùn bá pẹ́ jù lórí rẹ̀, á di ògì. Síkì á máa fà bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀, kìlómítà 4 yẹn á lọ. Èyí tó tún burú ni pé àwọn èèyàn á ti fi síkì gbẹ́ ojú ọ̀nà tó lọ sí ibi ìfò. Bó bá tún dì lálẹ́, ipa wọ̀nyẹn á le gan-an. Ẹ̀yin tó ń wa mọ́tò ní àwọn àdúgbò ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn Lugbe, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ: ibi tí táyà ti ya ọ̀nà nígbà òjò, tí oòrùn wá yan án gbẹ. Bí táyà yín bá bọ́ sínú rẹ̀, òun ló máa darí yín.

Nígbà tó bá di oṣù Kẹta sí Kẹrin, tó bá ti ń yọ́ lọ́sàn-án tó ń dì lóru fún ọjọ́ púpọ̀, hóró rẹ̀ á tóbi, á dà bíi gàrí tí wọn ò kù dáadáa. Èyí ni ọ̀rẹ́ wa fẹ́ràn jù. Ó ní ó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì ń dárí ji èèyàn.

Ẹ má rò pé bí òtútù bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Bó bá lọ sí dígírì 20 tàbí 25 sísàlẹ̀ òdo, òjò dídì á máa ha síkì bí iyanrìn, èèyàn ò ní yọ̀. Omi tín-ín-rín tó ń wà láàárín síkì àti ilẹ̀, tó ń jẹ́ kó yọ̀, kì í tó mọ́ nínú òtútù bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí yìí. Ti àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé iyọ̀ ń yọ́ yìnyín. Ṣùgbọ́n bí páàkì bá ti di ògì, iyọ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń wọ́n sí ibi ìfò kó lè le! Ó dà bí irọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé iyọ̀ á mú kí díẹ̀ nínú hóró wọ̀nyẹn yọ́, yíyọ́ náà á sì fa ooru jáde lára èyí tó kù, tí èyí tó kù á fi tutù sí i, omi tó wà láàárín wọn á sì dì wọ́n pọ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lórí èyí tó gbẹ, wákàtí díẹ̀ ló sì ń lò. Ní Sochi ní 2014, nígbà tí ooru mú, iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi gba ibi ìdíje là.

Èkejì kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ òjò dídì tí wọ́n fi ń mọ páàkì kò ti ojú ọ̀run wá. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é; ti Beijing ní 2022, ẹ̀rọ ló ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fi agbára tú omi sí afẹ́fẹ́ ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́, á sì dì kó tó kanlẹ̀. Kì í ní apá mẹ́fà, róbótó ni, ó sì ki: mítà kúbìkì kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lójú ọ̀run lè má tó kílò 100, ti ẹ̀rọ lè wọ 400. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń mọ páàkì fi fẹ́ràn rẹ̀, kì í tètè wó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ìwọ̀n òtútù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà. Wọ́n ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe gbẹ tó. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ dáadáa, wọ́n lè ṣe òjò dídì nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣì jẹ́ dígírì 2 lókè òdo. Bí kùrukùru bá sì wà, ó lè wà ní òdo gan-an kó má ṣeé ṣe.

Ẹ lọ wo àmù tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà. Nígbà ọyẹ́, omi inú rẹ̀ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà níta lọ, láìsí iná mànàmáná. Omi ń rin jáde lára amọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fà á lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru dání. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, àmù kan náà ò ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jìgáwá, fi ṣe ìkòkò-nínú-ìkòkò rẹ̀ nìyẹn, tí tòmátì àti ẹ̀fọ́ fi ń pẹ́ láì bàjẹ́, tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ẹ̀rọ orí òkè Kánádà àti ìkòkò Jìgáwá, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Ìbejì, ó ní ká yáa ra ẹ̀rọ náà wá sí Kubwa. Mo ní kó kọ́kọ́ mú dígírì 2 wá.

Bí páàkì bá wá yá, ìwà ọmọlúàbí ló kù. Ẹnì kan ni ń fò lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń ké kí gbogbo èèyàn gbọ́ kó tó gbéra. Wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní wẹ́rẹ́ kí wọ́n wo bí ilẹ̀ ṣe rí lónìí, ì báà jẹ́ pé wọ́n fò níbẹ̀ lánàá. Ẹni tó bá ṣubú gbọ́dọ̀ yára kúrò lábẹ́ èjìká, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lókè kò lè rí i. Bí ẹni tó páàkì tírélà sí kọ́nà lọ́nà Lókójà ni, tí kò gbé ewé sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àmì aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń mọ ẹnu ọ̀nà páàkì, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ti kékeré ni, ti àárín ni, tàbí ti ńlá. Akoto ṣe pàtàkì, mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kò ní láti dé Kánádà. Àwọn ará Àbújá tó ń lọ Dubai ra ọjà lè wọ Ski Dubai, tó wà nínú ilé ìtajà Mall of the Emirates láti 2005. Inú ilé ni, òtútù ibẹ̀ kì í sábà kọjá dígírì 1 tàbí 2 sísàlẹ̀ òdo, ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà púpọ̀. Ó dára fún ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ bí a ṣe ń dìde. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Afriski wà ní Lesotho, ní orí àwọn òkè Maluti, ní ohun tó lé ní mítà 3,000. Oṣù Kẹfà sí Kẹjọ ni ìgbà òtútù tiwọn, wọ́n sì ní páàkì tí wọ́n ń pè ní Kapoko. Oukaïmeden náà wà ní Mòrókò, kò jìnnà sí Marrakech, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ bí ọdún yóò ṣe rí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ohùn ọ̀rẹ́ wa tún wọlé. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì ti wà nínú mọ́tò, àwọn ń lọ páàkì. Kí n tó ṣe tán láti fèsì, Bàbá Ìbejì ti gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Aago mélòó ló ń lọ lọ́dọ̀ yín? Ṣé ó ti di gàrí, àbí táìlì ni ẹ fẹ́ lọ fò lé?”